Abẹ́rẹ́ Kan, Ilé Adìẹ Mẹ́rin

Àwọn ọmọ agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà kì í pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí mọ́. Ràbíátù ni wọ́n sọ mí, àmọ́ Ìyá Ẹ̀dọ̀ ni gbogbo wọn mọ̀. Bí àlejò bá dé tó ní Alàájà Ràbíátù lòun ń wá, wọ́n á kọ́kọ́ wojú ara wọn ná. Orúkọ náà ò bí mi nínú. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń la inú òkú adìẹ kí n lè mọ ohun tó pa á, ẹ̀dọ̀ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà á sọ ọ́ lórúkọ.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá. Ó wá bi mí bóyá kóun kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ọ̀sìn ni àbí kóun wá iṣẹ́ báǹkì. Mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ síbí, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lè rí i kà. Mi ò ní parọ́ fún yín pé iṣẹ́ mi dáa ju ti ẹlòmíì lọ. Mo máa sọ bó ṣe rí, títí kan ibi tí ojú ti ń tì mí.

Ọdún kejì tí náírà àti kọ́bọ̀ dé ni mo dé ọ̀dọ̀ Dókítà Ìṣọ̀lá. Dókítà ẹran ọ̀sìn ni. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì dá ọgbà adìẹ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn Òkè Padre, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin, tó ń ta ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan fún àwọn tó ń sin adìẹ káàkiri Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta adìẹ ní Ọjà'ba ló mú mi lọ síbẹ̀. Dókítà wo ọwọ́ mi, ó ní kí n lọ gé èékánná mi, kí n padà wá lọ́la. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Owó oṣù ń jáde lásìkò, ebi ò pa mí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Dókítà kì í pariwo. Ká ní ó ń pariwo ni, ì bá sàn fún wa. Tí o bá ṣe àṣìṣe, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe lójú rẹ láìsọ̀rọ̀, á wá ní kí o ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bàtà rọ́bà ni mo ń fọ̀. Ilé adìẹ mẹ́rin la ní, bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà fún wọn. O ò gbọ́dọ̀ wọ bàtà Ilé Kìíní wọ Ilé Kejì. Garawa, ìgbálẹ̀, agolo omi, gbogbo wọn ló ní ilé tiwọn.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan, nígbà tí fífọ̀ bàtà ti sú mi. Mo ní, "Dókítà, ṣé adìẹ mọ̀ pé bàtà Ilé Kìíní ni mo wọ̀ ni?"

Ó ní, "Adìẹ ò mọ̀. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà ló mọ̀." Ó wá ní kí n tún bàtà náà fọ̀.

Abẹ́rẹ́ ló le jù. Abẹ́rẹ́ ayé ìgbà yẹn kì í ṣe oníke tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ń sọ nù lónìí. Irin ni abẹ́rẹ́, dígí ni ìgò tí a ń ki oògùn sí, sítóòfù kẹrosíìnì la sì fi ń sè wọ́n nínú omi kí a tó tún wọn lò. Tí a bá fẹ́ gún àwọn ọmọ adìẹ ní àjẹsára, òfin Dókítà ni pé ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó mọ́ jù, ká fi ilé tó ní àrùn parí, ká sì pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì í ṣe, kó mú àpò rẹ̀ lọ sílé.

Lẹ́yìn bàtà ló tó fà mí wọ yàrá tí a ti ń yẹ òkú adìẹ wò, èyí tí àwa ń pè ní lábù. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa la adìẹ láti ìdí lọ sí àyà láìgé ìfun, bí mo ṣe máa gbé ẹ̀dọ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ kí n mọ̀ bó ṣe wúwo tó. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ni pé, "Má wá ohun tí o fẹ́ rí. Wo ohun tó wà níbẹ̀." Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi. Tí ọmọ ọdún ogún bá mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, á ti rò pé òun mọ gbogbo ohun tó ń bẹ nínú ayé. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin tó ń pa adìẹ tà ní Ọjà'ba bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè mí tí wọ́n bá rí ẹ̀dọ̀ tí wọn ò gba tirẹ̀ gbọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àrùn tó gba gbogbo ọkàn Dókítà fún yín, torí láìmọ̀ ọ́n, ìtàn mi ò ní yé yín. Àrùn ẹ̀dọ̀ ńlá ni àwọn tó ń sin adìẹ ń pè é. Adìẹ á dàgbà dáadáa, á tó ìgbà tó fẹ́ máa yé ẹyin, ogbe pupa orí rẹ̀ á wá ṣá, ikùn rẹ̀ á wú, á rù, á kú. Tí o bá là á, ẹ̀dọ̀ á ti gba gbogbo inú rẹ̀, kókó funfun á sì kún ara ẹ̀dọ̀ náà bí ẹ̀wà. Jẹjẹrẹ ni. Kòkòrò àìfojúrí kan, fáírọ́ọ̀sì, ló ń fà á. Ìyá adìẹ lè gbé e sára kó má ṣàìsàn rárá, á sì fi sínú ẹyin fún ọmọ rẹ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹ̀jẹ̀ adìẹ kan náà lè gbé e fún òmíì. Kò ní oògùn, kò ní àjẹsára.

Ilé Kìíní wa ló ní àrùn yìí. Àwọn adìẹ funfun tí ẹyin wọn ti òkè òkun wá ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń yé ẹyin bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, àmọ́ kò sí oṣù tí n kì í la bíi mélòó kan tí ẹ̀dọ̀ pa. Ilé Kejì àti Ìkẹta jẹ́ ti àwọn adìẹ pupa, ara wọn le. Ilé Kẹrin ni ojú Dókítà wà. Adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n, ọmọ àwọn ìyá adìẹ tó ti rà káàkiri abúlé àti ní Ọjà'ba kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n kéré, wọ́n lágídí, wọ́n máa ń sá gun orí páànù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń mú ọ̀bẹ, n kò tíì la ọ̀kan nínú wọn kí n bá ẹ̀dọ̀ ńlá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Dókítà ní láyé nípa wọn. Ṣé àrùn náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ni, àbí ó ti dé tí ara wọn kọ̀ ọ́? Tó bá jẹ́ pé ara wọn ló kọ̀ ọ́, a jẹ́ pé nǹkan kan wà lára wọn tí a lè fi bí adìẹ tí tálákà Ìbàdàn máa sìn láìsunkún. Tó bá jẹ́ pé àrùn ò tíì kàn wọ́n ni, asán ni gbogbo làálàá rẹ̀. Mo ní kó mọ̀ọ́mọ̀ kó àrùn ràn wọ́n ká lè mọ̀. Ó ní, "Mélòó ni wọ́n? Tí mo bá ṣì í, kí ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀?"

Ẹnì kan kù tí mo gbọ́dọ̀ mú wọlé. Làmídì ló ń po oúnjẹ adìẹ nínú ọgbà náà. Ọmọ Bẹẹrẹ ni, ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, Bọ̀dá Làmídì ni mo ń pè é. Tó bá bu àgbàdo sọ́wọ́ tó gbóòórùn rẹ̀, á sọ fún ẹ bí òjò ṣe pa á tó kí ó tó dé ọjà. Ó láwàdà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ràbí, ọkọ tó bá fẹ́ ẹ, kó má jẹ́ kí o mú ọ̀bẹ sún mọ́ ikùn òun o." Lásìkò tí mò ń sọ yìí, òun náà fẹ́ gbéyàwó. Mọ́rílíátù ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ìdí Mápó ni ilé bàbá rẹ̀ wà, wọ́n sì ti mú oṣù tí wọ́n máa so yìgì.

Ọdún tó tẹ̀lé omíyalé Ògùnpa ni nǹkan tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ku ọ̀la Iléyá. Dókítà ti rìnrìn àjò, kò sì tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó gbé kọ́kọ́rọ́ lábù lé mi lọ́wọ́. Ẹ wo bí mo ṣe ń ju kọ́kọ́rọ́ sókè tí mò ń gbá a mú! A ti kó àwọn ọmọ adìẹ tuntun sí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ àjẹsára wọn sì pé. Mo po oògùn náà. Oògùn yìí, tí o bá ti pò ó, o gbọ́dọ̀ lò ó kí wákàtí méjì tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi lásán ni. Ìgbà tí mo pò ó tán ni mo gbé sítóòfù, mo rí i pé kò sí kẹrosíìnì nínú rẹ̀. Kẹrosíìnì wọ́n lọ́sẹ̀ náà. Èrò tó tò sí ìdí rẹ̀ ní Oríta Mẹ́rin ti yí àdúgbò po. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà tí a ti sè.

Mo lè da oògùn náà nù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ fún Dókítà pé mo da oògùn nù lọ́sẹ̀ kejì tí mo gba kọ́kọ́rọ́? Àgbò bàbá mi sì ti wà lórí ìso nílé, ọkàn mi ti lọ síbẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ kan yẹn gún wọn tán. Kí ẹ sì lè mọ bí òmùgọ̀ mi ṣe pọ̀ tó, Ilé Kìíní ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo gba Ilé Kejì, mo gba Ìkẹta, mo fi Ilé Kẹrin parí. Nínú ìwé iṣẹ́, mo kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni mo lò. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, mo ti ti ilẹ̀kùn. Ẹran Iléyá ọdún yẹn dùn lẹ́nu mi, mi ò ní parọ́ fún yín.

Oṣù márùn-ún kọjá. Àwọn adìẹ dàgbà, ara wọn ń dán. Lẹ́yìn náà ni ogbe orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ilé Kìíní kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, a ò kà á sí. Ìgbà tó dé Ilé Kejì tó sì dé Ìkẹta ni Dókítà ò lè jẹun mọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń la òkú, gbogbo ẹ̀dọ̀ tí mo gbé sórí àtẹ́lẹwọ́ ló wúwo. Àwọn oníbàárà wa gbọ́, wọn ò wá ra ọmọ adìẹ mọ́. Ilé Kẹrin nìkan ni ohunkóhun ò ṣe.

Dókítà wá ìdí rẹ̀ títí. Ó yẹ ìwé iṣẹ́ wò, ó rí i pé abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni mo lò, ó ṣí ojú ewé. Ó wá rántí pé oúnjẹ Ilé Kẹrin yàtọ̀. Àgbàdo tó gbẹ láti abúlé la fi ń bọ́ wọn, àmọ́ àgbàdo tí Làmídì rà lásìkò òjò ni àwọn ilé mẹ́ta tó kù ń jẹ. Àgbàdo tó bá bu máa ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́, ó sì máa ń sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára tí àrùn fi ń rọ́nà wọlé. Dókítà sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí Làmídì máa lọ sílé ná. Kò bú u, ó kàn gba kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà ló sọ fún mi pé òun á ta àwọn Ilé Kẹrin. Ó ní, "Oúnjẹ ló yọ wọ́n. Kò sí ohun kankan lára wọn. Èmi ni mo ń tan ara mi jẹ."

Mo gbọ́ ọ, mo padà sínú lábù lọ la òkú ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ, láti ọjọ́ tí Làmídì ti lọ sílé, ọjọ́ méjìlélógójì ni mo fi dákẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Láràárọ̀ ni mo ń pinnu pé mo máa sọ lónìí, tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá ti rí àwáwí. Mo ní bóyá oúnjẹ ni lóòótọ́. Mo ní Làmídì á rí iṣẹ́ síbòmíì, ọkùnrin ni, ó sì lọ́wọ́. Mo ní bí wọ́n bá lé mi, ta ló máa gba obìnrin tó jẹ́ pé òkú adìẹ ló mọ̀ ọ́n là?

Ọjọ́ kejìlélógójì ni Làmídì wá kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó gbàgbé. Ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà lábù. Ó ti rù, kò sì ṣàwàdà kankan.

Ó ní, "Ràbí, wọ́n ní àna mi ní ìdí Mápó ò fẹ́ rí mi mọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè fọmọ fún ẹni tó ń fi oúnjẹ bíbu pa adìẹ ọ̀gá rẹ̀. Ìwọ lò ń la adìẹ wọ̀nyí. Ìwọ lo mọ inú wọn. Ṣé oúnjẹ mi ló pa wọ́n?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Bọ̀dá Làmídì."

Ó wò mí, ó mi orí, ó gbé aṣọ rẹ̀ há abíyá, ó lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, ìgbà tí èyí bọ́ lẹ́nu mi ni mo tó mọ irú èèyàn tí mo ti dà. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo ti ń pè é láti ọjọ́ yìí wá. Ọjọ́ yẹn ló di irọ́ lójú ara mi. Mo sunkún nínú lábù, mo sì fi ọwọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ adìẹ nu ojú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Dókítà níbi tó ti ń fọwọ́. Mi ò tíì kúnlẹ̀ tán tí ọ̀rọ̀ fi jáde.

"Dókítà, kì í ṣe oúnjẹ. Abẹ́rẹ́ ni. Kẹrosíìnì tán, mo fi abẹ́rẹ́ kan gún gbogbo wọn. Irọ́ ni mo kọ sínú ìwé."

Ó ti ẹnu ẹ̀rọ omi. "Gbogbo wọn bíi ti báwo?"

"Ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sà."

"Èwo lo fi bẹ̀rẹ̀?"

"Ilé Kìíní."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Ràbíátù, fara balẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó jáde lára àwọn Ilé Kìíní, òun náà ni o gbé wọ Ilé Kẹrin?"

"Òun náà ni, sà."

"Kò sí èyí tí o fò nínú Ilé Kẹrin?"

"Mi ò fo ìkankan, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó wá ibi jókòó sí, àpótí ẹyin ló rí. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Àrùn náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì kọ̀ ọ́."

Ṣé ó yé yín? Ohun tí ẹ̀rù ò jẹ́ kó ṣe láti ọdún yìí wá, ìwà òmùgọ̀ mi ti bá a ṣe é. Mo ti kó àrùn ran gbogbo ilé bákan náà. Ilé mẹ́ta kú, ilé kan ò kú. Kì í ṣe oúnjẹ ló yọ wọ́n. Nǹkan kan wà lára wọn lóòótọ́. Ìgbà tí èyí yé èmi náà, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé orí ti yọ mí.

Dókítà dìde. Ó ní, "O ti dáhùn ìbéèrè mi. O sì ti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́. Èkínní ò pa èkejì rẹ́. Mú ìborùn rẹ, a ń lọ sí Bẹẹrẹ."

Iwájú ìyá Làmídì ni mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́, gbogbo agbo ilé pé jọ. Ìyá náà ò bú mi. Ó kàn wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Láti ibẹ̀, èmi, Dókítà àti Làmídì gun òkè lọ sí Mápó. Bàbá Mọ́rílíátù ń rán fìlà lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. Ó gbọ́ mi dópin, ó yọ ìgò ojú rẹ̀.

Ó ní, "O ṣeun tí o wá, ọmọ mi. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú tó kọjá la gba ẹrù ìdána lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mi ò lè dá a padà."

Làmídì dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní ẹ ṣeun, sà. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ níwájú wa, kò bojú wẹ̀yìn. Tí ọjọ́ kan bá wà nínú ayé mi tí mo máa ń fẹ́ sá fún, òun nìyẹn.

Dókítà ò lé mi. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó dá mi padà sí ìdí bàtà fún odindi ọdún kan. Ó dá Làmídì padà sí ilé oúnjẹ, ó sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa, ohun tí mi ò rí kí ó ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. Ó wá fọkàn balẹ̀ mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ Ilé Kẹrin, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ adìẹ aláàrùn gún wọn. Kò sí èyí tó kú. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ àṣìṣe mi sínú rẹ̀ pẹ̀lú, láìfi orúkọ mi pamọ́. Mo bínú nígbà náà. Lónìí, mo mọ̀ pé bí kò bá kọ àṣìṣe náà, ohun tó rí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbà SAP dé tí náírà já wálẹ̀, oúnjẹ adìẹ di góòlù, ọgbà wa sì kéré sí i. Irinṣẹ́ ń yí padà. Abẹ́rẹ́ oníke dé, tí o ń lò lẹ́ẹ̀kan tí o ń sọ nù. Ọjọ́ tí páálí àkọ́kọ́ dé, mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Dókítà kú kí ó tó mọ ohun tó wà lára adìẹ rẹ̀ gan-an, ìyẹn sì dùn mí púpọ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́bìnrin kan láti yunifásítì, Dókítà Yéwándé, wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Ilé Kẹrin tó ṣẹ́ kù pẹ̀lú ìgò kéékèèké àti àpótí yìnyín. Ìgbà tó padà wá, ó jókòó tì mí, ó là á yé mi.

Ó ní, "Màmá, pùrótéènì ni."

Mo ní, "Èyí tó wà nínú ẹ̀wà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Irú rẹ̀ ni, mà, àmọ́ oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà lára gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn ni òṣìṣẹ́ ara. Àwọn kan ń ṣe ilẹ̀kùn, àwọn kan ń ṣọ́ ilé."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyí. Ara adìẹ jẹ́ àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí. Fáírọ́ọ̀sì yìí ò lè dá nǹkan kan ṣe níta. Ó gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Tó bá wọlé, á kọ ara rẹ̀ sínú ìwé ogún ìdílé tó wà níbẹ̀, á di ọmọ ilé. Yàrá tó bá pín sí méjì, ó ti wà nínú méjèèjì. Ibi tó bá kọ ara rẹ̀ sí lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún yàrá pé kó pọ̀ sí i, ni yàrá náà á bá máa pọ̀ ṣáá láìdúró. Ìyẹn ni kókó tí mò ń rí lára ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n pùrótéènì kan ló jẹ́ ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé. Lára àwọn Ilé Kẹrin, ilẹ̀kùn náà yàtọ̀ díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ fáírọ́ọ̀sì ò sì ṣí i. Ó ní lára àwọn adìẹ míì, àwókù fáírọ́ọ̀sì àtayébáyé kan tí kò lè pani mọ́ wà nínú ogún wọn, ó sì ń ṣe pùrótéènì tó ń jókòó dí ẹnu ọ̀nà mọ́ èyí tuntun. Ó ní àwọn pùrótéènì mìíràn tún wà nínú yàrá fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń mú fáírọ́ọ̀sì tó bá wọlé tí wọ́n ń pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ àwọn yẹn ni.

Mo ní, "Àrùn náà ti tán nìyẹn?"

Ó ní, "Rárá o, Màmá. Fáírọ́ọ̀sì náà ní oríṣiríṣi kọ́kọ́rọ́, ó sì ń rọ òmíì. Ilẹ̀kùn kan ò lè dí gbogbo rẹ̀."

Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tó máa parí, kó má wá sídìí èyí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o lè fara da kí o máa wo ohun tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí o fẹ́ rí, iṣẹ́ yìí máa gbà ọ́, wàá sì gbádùn rẹ̀. Èmi gbádùn rẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi. Ohun tó kù ni mo sọ fún un kẹ́yìn.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni èmi àti Làmídì tún fi ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ Mápó. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó bímọ, ó lọ sí Mẹ́kà. Àwàdà rẹ̀ padà, ó ń bá gbogbo ènìyàn ṣe é, ó sì ń bá èmi náà ṣe é níwọ̀nba. Kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà rí. Lọ́jọ́ tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ bá a nílé ní Bẹẹrẹ. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé."

Ó fà mí dìde, ó ní kí n jókòó.

Ó ní, "Ràbí, láti ọjọ́ tí o jẹ́wọ́ ni mo ti forí ti abẹ́rẹ́ jì ẹ́. Ìjẹ́wọ́ ṣòro, o sì ṣe é. Ọjọ́ méjìlélógójì tó ṣáájú rẹ̀ ni mi ò tíì mọ ohun tí mo máa ṣe sí."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Láti ìgbà náà ni mo ti ń kà wọ́n. Méjìlélógójì náà ni wọ́n ṣì jẹ́.